Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ẹgbẹ́ Rẹ̀ Pàdánù Bowl, Ṣé Draft Ti Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀ Nìyẹn?

Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀ lóṣù yìí, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, kì í ṣe àfẹsẹ̀gbá tí Super Eagles ń gbá. Àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n lọ́mọ tàbí àbúrò ní Texas, Maryland àti Georgia ló ń kọ̀wé jù lórí rẹ̀, àmọ́ ti Ìbàdàn àti Ifẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀: running back ni ẹni tí quarterback (ẹni tó ń darí ìkọlù ẹgbẹ́, tó sì ń ju bọ́ọ̀lù) ń fi bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́ pé kó gbé e la àárín àwọn alátakò kọjá. Bowl ni ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí àwọn yunifásítì tó ṣe dáadáa fi ń kádìí sáà ní December sí January. Àwọn mélòó kan nínú wọn ti di ara ìdíje ife ẹ̀yẹ gbogboogbò báyìí. Draft ni ọjọ́ mẹ́ta nínú oṣù April tí àwọn ẹgbẹ́ 32 inú NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí jẹun, fi ń mú àwọn ọmọ yunifásítì lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìpele 7. Ipò tí wọ́n bá ti pe ọmọ ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó rẹ̀.

Láti Ìbàdàn: *Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo wo Fiesta Bowl tí Penn State ti na Boise State ní 31 sí 14. Gbogbo ayé ló ń sọ pé Ashton Jeanty ni running back tó mọṣẹ́ jù lọ́dún náà, àmọ́ lójú tèmi, ògiri ló ń forí sọ lọ́jọ́ yẹn. Ṣé irú ìpàdánù bẹ́ẹ̀ kì í já ọmọ wálẹ̀ nínú draft?*

Kò já a wálẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 24 oṣù April 2025, ní ìlú Green Bay, Las Vegas Raiders pe orúkọ rẹ̀ ní ipò kẹfà, kò sì sí running back kankan tí wọ́n pè ṣáájú rẹ̀. Àdéhùn ọdún mẹ́rin tó tẹ̀lé e lé ní mílíọ̀nù 35 dọ́là.

Ohun tí ẹ rí lẹ rí, a ò ní jiyàn. Ní Glendale, Arizona, lọ́jọ́ 31 December 2024, ìgbà 30 ni Jeanty gbé bọ́ọ̀lù sáré, yáàdì 104 ló rí níbẹ̀. Ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi yáàdì mẹ́ta ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ yáàdì 7 lẹ́ẹ̀kan ni ìṣirò rẹ̀ jálẹ̀ sáà náà. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 tó gbá, èyí ni yáàdì rẹ̀ kéré jù. Bọ́ọ̀lù sì tún bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àmọ́ bọ́ọ̀lù ni èrò ìwòran ń wò. Ẹsẹ̀ ni scout, ẹni tí ẹgbẹ́ NFL ń rán lọ yẹ àwọn ọmọ wò, ń wò. Á dá fíìmù dúró níbi tí bọ́ọ̀lù ti kan ọwọ́ running back, á wá ka àwọn alátakò tó kóra jọ síwájú. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́fà, ó yẹ kí ọ̀nà ṣí. Tí wọ́n bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹnì kan wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tó máa dí i, running back fúnra rẹ̀ ló máa bá onítọ̀hún yanjú ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn èyí ni scout á wo ibi tí ẹni àkọ́kọ́ ti fọwọ́ kan ọmọ náà. Ká ní wọ́n ti kàn án ní yáàdì méjì sẹ́yìn ìlà tí eré ti bẹ̀rẹ̀, tó wá fi agídí já ara rẹ̀ gbà dé yáàdì kan síwájú. Lójú èrò ìwòran, yáàdì kan péré ló rí. Nínú ìwé scout, yáàdì mẹ́ta ni, àwọn tó yẹ kí wọ́n la ọ̀nà fún un ló jẹ̀bi, òun kọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú yáàdì 2,601 tí Jeanty kó jọ lọ́dún yẹn ló jẹ́ pé ẹnì kan ti kọ́kọ́ fọwọ́ bà á kó tó rí i. Irú fíìmù bẹ́ẹ̀ kì í ti ibi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo bàjẹ́.

Ẹ tún wo bí ọjọ́ náà ṣe lọ. Penn State ló kọ́kọ́ gba àmì ayò 14 kí Boise tó jí. Ẹgbẹ́ tó bá ti ń sáré lé àmì ayò, jíju bọ́ọ̀lù ló máa ń kù fún un, alátakò náà sì mọ̀. Àwọn tó wà níwájú Jeanty lọ́jọ́ náà kì í ṣe ọmọdé: Abdul Carter wà lára wọn, ẹni tí New York Giants mú ní ipò kẹta nínú draft kan náà. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: Carter yìí gan-an ló fi èjìká ṣèṣe nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ló borí. Tí ẹ bá ń wá ẹni tó yẹ kí àyà rẹ̀ já lálẹ́ ọjọ́ yẹn, òun ni, kì í ṣe Jeanty.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni wọ́n na Boise State ní sáà náà. Ti àkọ́kọ́ ni ti Oregon ní September, 37 sí 34, Jeanty sì rí yáàdì 192 níbẹ̀. Scout á gbé fíìmù méjèèjì ka iwájú: ìpàdánù ni wọ́n jọ jẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan fi hàn pé ọmọ náà lè la ilé alágbára kọjá, ìkejì fi ohun tó máa ń ṣe nígbà tí ilẹ̀kùn bá tì pa hàn. Wọ́n fẹ́ rí méjèèjì.

Láti Ilé-Ifẹ̀: *Ṣé lóòótọ́ ni pé yáàdì 27 ló kù fún Jeanty kó fi bá Barry Sanders dọ́gba, ẹni tó sáré yáàdì jù ní sáà kan ní yunifásítì? Ṣé ìyẹn kò dín iye rẹ̀ kù?*

Lóòótọ́ ni. Sanders rí 2,628 fún Oklahoma State ní 1988, Jeanty dúró sí 2,601. Ṣùgbọ́n ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11 ni Sanders fi rí tirẹ̀, Jeanty lo 14. Láyé ìgbà náà, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, kì í ka yáàdì bowl mọ́ ti sáà. Ọdún 2002 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Yáàdì 222 tí Sanders rí nínú Holiday Bowl lòdì sí Wyoming wà lóde ìṣirò títí dòní. Tí a bá gbé e wọlé, 2,850 ni. Nítorí náà, ká má purọ́ fúnra wa, kò tíì sẹ́ni tó fẹnu kan ti Sanders. Ní ti draft, yáàdì 27 yẹn kò fi kọ́bọ̀ kún owó Jeanty, kò sì yọ kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Láti London: *Jay Ajayi tiwa náà gbá fún Boise State, ó sì gba Fiesta Bowl. Kí ló wá fà á tí wọ́n fi jẹ́ kó jókòó títí dé ipò 149?*

Ẹ ṣeun tí ẹ rántí rẹ̀. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí, ẹni tó dojú bolẹ̀ wá sáyé, dídojú bolẹ̀ náà ló sì ń dà á láàmú ní draft. London ni wọ́n bí i sí ní 1993, Frisco ní Texas ló ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama, ìlú kan náà tí Jeanty ti jáde. Ní 2014, ó sáré yáàdì 1,823, ó sì gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù sí i nígbà 50 fún yáàdì 535. Ẹnikẹ́ni kò tíì kó 1,800 ní sísáré pọ̀ mọ́ 500 ní gbígbà nínú sáà kan ní ìpele tó ga jù lọ ní yunifásítì kó tó ṣe é. Nínú Fiesta Bowl tí wọ́n fi na Arizona ní 38 sí 30, touchdown (gbígbé bọ́ọ̀lù dé òpin pápá alátakò) mẹ́ta ni tirẹ̀.

Gbogbo ìyẹn, orúnkún kan gbé e mì. Ní 2011, iṣan tó so eegun orúnkún rẹ̀ já, wọ́n sì tún un ṣe. Nígbà tí àwọn dókítà ẹgbẹ́ NFL yẹ̀ ẹ́ wò ní 2015, ohun tí wọ́n kọ ni pé eegun rírọ̀ tó wà láàárín oríkèé rẹ̀ ti ń jẹ, eegun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha eegun. Ìbẹ̀rù wọn kì í ṣe ọdún àkọ́kọ́; ohun tí wọ́n rò ni pé kò ní pẹ́ tó láti gba àdéhùn kejì. Bó ṣe dé ìpele karùn-ún nìyẹn, kí Miami Dolphins tó mú un.

Ṣé wọ́n ṣì í ṣe? Lápá kan, bẹ́ẹ̀ ni: ní 2016 ó sáré yáàdì 1,272, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì kọjá 200 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan. Philadelphia Eagles gbà á ní October 2017, ó bá wọn gba Super Bowl, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àṣekágbá NFL, ní February 2018. Àmọ́ orúnkún tún já ní October ọdún yẹn, lẹ́yìn 2019 kò sì gbá NFL mọ́. Àwọn dókítà yẹn kò rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò fọ́jú.

Láti Maryland: *Àbúrò mi ń gbá running back ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Ó yára, ó lágbára, àmọ́ bọ́ọ̀lù ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Báwo la ṣe ń wo àìsàn yìí?*

Ibi márùn-ún ni bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ ti kan ara lẹ́ẹ̀kan náà: kí àwọn ìka bo ṣóńṣó iwájú rẹ̀ pátápátá, kí àtẹ́lẹwọ́ gbá a mú, kí apá ìsàlẹ̀ tẹ̀ ẹ́ látìta, kí ṣóńṣó ẹ̀yìn rẹ̀ wọ inú ìtẹ̀pá, kí òun fúnra rẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ ìhà. Èyí tó bá ti yọ nínú márùn-ún, ibẹ̀ ni wọ́n máa gbà yọ ọ́. Ìgúnpá ló máa ń kọ́kọ́ ṣe ọ̀dàlẹ̀. Tí ọmọ bá ń sáré, apá á fẹ́ máa fì bí ti ẹni tó ń sáré lásán, ìgúnpá á ṣí kúrò ní ìhà, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbá bọ́ọ̀lù jáde láti ìsàlẹ̀. Ọmọ náà kò ní rí i bọ̀.

Ọwọ́ tó jìnnà sí alátakò ni bọ́ọ̀lù ń gbé. Tó bá ń sáré lọ sápá ọ̀tún pápá, ọwọ́ ọ̀tún ni. Kó má ṣe pààrọ̀ ọwọ́ láàárín èrò; ibi tó bá dá wà ni kó ti ṣe é. Tó bá fẹ́ wọ àárín àwọn ọkùnrin gìdìgbà wọ̀nyẹn, kó fi ọwọ́ kejì bò ó kó tó wọlé, kì í ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kàn án. Ibi méjì tó tún máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́: yíyí bí òòyì, nítorí tí ara bá ń yí, bọ́ọ̀lù ló máa ń fẹ́ kọ́kọ́ fò lọ, àti jíjà fún yáàdì kan sí i nígbà tí ẹni àkọ́kọ́ ti gbé e dúró. Ẹni kejì tó ń bọ̀ kò wá gbé e ṣubú mọ́, bọ́ọ̀lù ló ń bọ̀ wá gbà. Ẹ jẹ́ kó máa gbé bọ́ọ̀lù kiri inú ilé, kí ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá máa gbá a. Ẹ rẹ bọ́ọ̀lù náà sómi lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ jẹ́ ká fi ohun kan kún un tí ẹ ò béèrè. Scout lè dárí jì ẹni tí bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ti rí ìdí rẹ̀ tó sì mọ̀ pé ó ṣeé tún ṣe. Ohun tí wọn kì í tètè dárí jì ni running back tí kò lè dáàbò bo quarterback. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ èwo nínú àwọn linebacker, àwọn alátakò tó dúró sẹ́yìn ìlà iwájú, ló ń bọ̀. Kó kọ́kọ́ wo àárín, kó tó wo ẹ̀gbẹ́, nítorí ọ̀nà àárín ló kúrú jù dé ọ̀dọ̀ quarterback. Kó la ẹsẹ̀ tó èjìká rẹ̀, kó rẹ ìbàdí sílẹ̀, kí ọwọ́ méjèèjì dé àyà ẹni náà láti inú. Ẹni tó bá tẹrí ba kò rí ohun tó ń bọ̀ mọ́. Ẹni tó bá fò mọ́ ọn, onítọ̀hún á yẹ̀ ẹ́, á sì lọ gbé quarterback olówó gọbọi ṣubú. Akọ́nimọ̀ọ́gbá NFL kò ní jẹ́ kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ pápá nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, yíyára rẹ̀ ò ní já mọ́ nǹkan kan.

Láti Abẹ́òkúta: *Mo gbọ́ pé àwọn kan kì í gbá bowl mọ́, wọ́n á jókòó sílé kí wọ́n má baà ṣèṣe. Ṣé kì í ṣe ojo nìyẹn?*

Ẹ jẹ́ ká sọ ti Willis McGahee, ẹ̀yin fúnra yín á wá pinnu. Ọjọ́ 3 January 2003, Fiesta Bowl náà ni, ife ẹ̀yẹ gbogboogbò ló wà nílẹ̀. Yunifásítì Miami tó ń gbá fún pàdánù sọ́wọ́ Ohio State, 31 sí 24, lẹ́yìn àfikún àkókò ẹ̀ẹ̀mejì. Kó tó dé ibẹ̀, ní ìdá kẹrin ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, ẹnì kan fi èjìká gbá orúnkún òsì rẹ̀, orúnkún náà sì tẹ̀ síbi tí orúnkún kì í tẹ̀ sí. Iṣan mẹ́ta ló já. Ọmọ tó ti sáré yáàdì 1,753 lọ́dún náà, tí ọ̀pọ̀ ti ń fojú ipò márùn-ún àkọ́kọ́ wò.

Buffalo Bills ṣì mú un ní ipò 23, ní ìpele àkọ́kọ́, ìyàlẹ́nu ló jẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Kò gbá bọ́ọ̀lù kankan ní 2003. Ní 2004 ó sáré 1,128. Ó ti ra íńṣọ́ránsì mílíọ̀nù 2.5 dọ́là kó tó gbá bowl náà, ìmọ̀ràn tí a ṣì ń fún àwọn òbí dòní nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ìwé rẹ̀ dáadáa o: oríṣi kan wà tó ń sanwó tí ọmọ kò bá lè gbá bọ́ọ̀lù mọ́ láéláé, òmíràn wà tó ń sanwó tí ìpalára bá jẹ́ kí ipò rẹ̀ wálẹ̀ nínú draft. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tó ra ti àkọ́kọ́ nìkan kò ní rí nǹkan gbà tó bá wo sàn.

Ọdún 2016 ni ìlẹ̀kùn jíjókòó sílé ṣí gbayawu. Leonard Fournette àti Christian McCaffrey kọ bowl ẹgbẹ́ wọn, àwọn aláriwo sì pariwo. Lóṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n mú Fournette ní ipò kẹrin, McCaffrey ní ipò kẹjọ, ariwo sì rọlẹ̀. Bijan Robinson ti Texas ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022. Ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù Alamo Bowl láìsí i níbẹ̀, wọ́n mú òun náà ní ipò kẹjọ.

Lójú tiwa, ojo kọ́ ni, ìṣirò ni, ìṣirò náà kò sì rí bákan náà fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí wọ́n ti fojú ìpele àkọ́kọ́ tàbí ìkejì wò ti ní fíìmù tó tó. Bowl kò lè fi púpọ̀ kún un, ó sì lè yọ púpọ̀. Ẹni tó wà láàárín ìpele kẹrin sí ìkeje ńkọ́? Kó lọ gbá. Àwọn scout ń wá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó fi kojú ẹgbẹ́ tó lágbára, ó lè má ní ju méjì lọ, bowl yẹn sì lè jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Tó bá jẹ́ bowl inú ìdíje ife ẹ̀yẹ gbogboogbò ni, bíi ti Jeanty, gbogbo wọn ló ń gbá a.

Láti Houston: *Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi ọkùnrin ti lo ọdún mẹ́ta ní yunifásítì, running back ni. Wọ́n na ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú bowl, yáàdì 38 péré ló rí. Bàbá rẹ̀ ní kó forúkọ sílẹ̀ fún draft, èmi ní kó padà lọ parí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn aṣojú sì ń pè lórí fóònù tọ̀sán tòru. Ẹ gbà wá.*

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ jẹ́ kí yáàdì 38 yẹn lọ ná, òun kọ́ ló máa pinnu. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tó ti kúrò ní girama, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Àárín oṣù January ni ìlẹ̀kùn máa ń tì.

Ohun àkọ́kọ́, lónìí gan-an, ni kí ó ní kí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ bá a béèrè ìdíwọ̀n lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ìmọ̀ràn tí NFL gbé kalẹ̀ fún àwọn tí kò tíì parí yunifásítì. Ọ̀fẹ́ ni. Ọ̀kan nínú mẹ́ta ni wọ́n máa dáhùn: ìpele àkọ́kọ́, ìpele kejì, tàbí kó dúró sílé ìwé. Tí wọ́n bá ní kó dúró, kì í ṣe pé wọn ò ní mú un rárá, ó túmọ̀ sí pé wọn ò rí i láàárín nǹkan bí 64 àkọ́kọ́. Àwọn wọ̀nyí ni yóò mú un tàbí fi í sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ jù ohun tí aṣojú ń sọ lórí fóònù lọ.

Ní ti àwọn aṣojú: kí ọmọ má fọwọ́ sí ìwé kankan títí tó fi pinnu, nítorí ìfọwọ́sí yẹn lè ti ìlẹ̀kùn yunifásítì mọ́ ọn. Ẹ béèrè bóyá orúkọ aṣojú náà wà lọ́dọ̀ NFLPA, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 3% lórí àdéhùn lọ. Ẹ sì béèrè ẹni tó máa san owó ìgbaradì láti January dé March, ilé, oúnjẹ àti olùkọ́ eré sísá. Tó bá ní òun máa san án, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ẹ̀yáwó ni tàbí ẹ̀bùn, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń wá.

Lẹ́yìn náà, ẹ kó gbogbo ìwé dókítà jọ: fọ́tò MRI, ìwé iṣẹ́ abẹ, orúkọ oògùn. Tí wọ́n bá pè é sí combine, ìdánwò ara àti eré sísá tí NFL ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ wọ draft, ní Indianapolis ní òpin February, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa fi dókítà yẹ ara rẹ̀ wò. Ẹ má fi nǹkankan pamọ́. Wọ́n lè rí ìpalára kí wọ́n fojú fò ó. Ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ ni wọ́n máa ń pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.

Eré yáàdì 40 ni gbogbo ènìyàn ń sọ, bẹ́ẹ̀ yáàdì 10 àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù fún running back, nítorí inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ wà. Ohun tó ń ba àkókò jẹ́ níbẹ̀ ni gbígbé orí sókè kíákíá: ara á dìde, ẹsẹ̀ á máa tẹ ilẹ̀ níwájú dípò ẹ̀yìn. Kó máa wo ilẹ̀ títí di ẹsẹ̀ bíi mẹ́fà. Tó bá wọn nǹkan bíi 210 pọ́ọ̀nù, ìṣẹ́jú àáyá 4.5 tó fún un. Kó má ṣe kó iṣan àyà jọ nítorí irin 225 pọ́ọ̀nù tí wọ́n ń gbé. Kò sí ẹni tí wọ́n mú tìtorí ìyẹn, ó sì ń fi ìwúwo kún ẹni tó yẹ kó fúyẹ́. Jeanty kò sá yáàdì 40 ní combine, àmọ́ ẹni tó ti sá 2,601 ló lè ṣe bẹ́ẹ̀. Tí ìwé combine kò bá dé, ọjọ́ ìdánwò wà ní yunifásítì rẹ̀ ní March. Senior Bowl ní Mobile, Alabama, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣàfihàn àwọn tó ń lọ sí draft, náà sì ti ń gba àwọn ọmọ ọdún kẹta tó ti forúkọ sílẹ̀ láti 2024.

Ọ̀rọ̀ ti ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ wá kù. Láyé àtijọ́, a ì bá wà lẹ́yìn bàbá: running back ní iye ìgbà tí ara rẹ̀ lè gba ìkọlù, kò sì dára kó ná 250 nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ láti July 2021 ni ọmọ yunifásítì ti lè gbowó lórí orúkọ rẹ̀, láti July 2025 ni ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ sì ti lè sanwó fún un. Pípadà kì í ṣe ọ̀fẹ́ mọ́. Nítorí náà, tí ìgbìmọ̀ bá ní ìpele àkọ́kọ́ tàbí ìkejì ni, kó máa lọ. Tí wọ́n bá ní kó dúró, tí orúnkún rẹ̀ sì dá ṣáṣá, tiyín la máa sọ: kó padà, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo quarterback, kó gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù sí i. Jeanty gba 43 ní 2023 fún yáàdì 569, ìyẹn wà lára ohun tó fi ọkàn àwọn Raiders balẹ̀, ó dá wa lójú.

Láti Òṣogbo: *Cam Skattebo ti Arizona State fẹ́rẹ̀ẹ́ dá Texas dúró ní òun nìkan nínú Peach Bowl, síbẹ̀ ipò 105 ni wọ́n mú un. Omarion Hampton ti North Carolina jókòó sílé, ó gba ipò 22. Ìdájọ́ wo nìyẹn?*

Ìdájọ́ ara ni, kì í ṣe ti ìwà. Lọ́jọ́ 1 January 2025, Skattebo sáré yáàdì 143, ó gba bọ́ọ̀lù mẹ́jọ fún yáàdì 99, ó tún ju ọ̀kan fúnra rẹ̀ fún touchdown. Wọ́n sì pàdánù, 39 sí 31. Ẹgbẹ́ Hampton pàdánù Fenway Bowl sọ́wọ́ UConn, 27 sí 14, òun kò tilẹ̀ wọ aṣọ. Ṣùgbọ́n Hampton ga ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ó wọn 221 pọ́ọ̀nù, ó sì sá yáàdì 40 ní 4.46. Skattebo kò sá a ní combine, ìbéèrè tí gbogbo scout sì ní lórí rẹ̀ ni pé: tó bá yọ jáde, ṣé wọn ò ní lé e bá? Ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn ni ìyàtọ̀ láàárín nǹkan bíi mílíọ̀nù 18 àti mílíọ̀nù 5 ó lé díẹ̀. A rò pé wọ́n fi ìyà jẹ ẹ́ ní ìpele kan, ó kéré tán.

Ọjà running back ni kò dúró sójú kan. Ní 2022 àti 2024, kò sí ọ̀kan tí wọ́n mú ní ìpele àkọ́kọ́. Ipò 46 ni ẹni àkọ́kọ́ wà ní 2024. Àwọn ẹgbẹ́ gbà pé ara wọn ń tètè gbó, pé èyí tó dáa ṣì wà ní ìpele kẹta. Saquon Barkley wá sáré 2,005 fún Eagles ní 2024, wọ́n gba Super Bowl, ọkàn àwọn olówó tún yí. Jeanty bọ́ sí àkókò tó dára.

Ẹ tún wo èyí: Quinshon Judkins àti TreVeyon Henderson jọ gba ife ẹ̀yẹ gbogboogbò pẹ̀lú Ohio State ní January 2025. Ipò 36 àti 38 ni wọ́n mú wọn. Àwọn méjì tí ẹgbẹ́ wọn pàdánù bowl, Jeanty àti Hampton, ló wà níwájú wọn.

Láti Atlanta: *Tí ìpele 7 bá parí tí wọn ò pe orúkọ ọmọ ńkọ́?*

Kó má pa fóònù. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ máa ń pe àwọn tó ṣẹ́ kù, níbẹ̀ sì ni ọmọ ti lè yan ẹgbẹ́ tó wù ú, àǹfààní tí ẹni ìpele keje kò ní. Arian Foster ti Tennessee gba ọ̀nà yẹn wọlé ní 2009. Ní 2010 ó sáré 1,616 fún Houston Texans, kò sẹ́ni tó jù ú lọ ní NFL lọ́dún náà. Kó má ṣe lé owó ìfọwọ́síwèé, kékeré ni. Kó ka iye running back tó wà níbẹ̀, kó wo ọjọ́ orí wọn àti ìgbà tí àdéhùn wọn máa tán. Àwọn 90 ló ń bẹ̀rẹ̀ ìgbaradì, 53 ló ń kù nígbà tí sáà bá bẹ̀rẹ̀, 16 mìíràn wà lẹ́yìn fún ìdánrawò. Kó béèrè lọ́wọ́ kóòṣì tó ń bójú tó kickoff (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fẹsẹ̀ gbá láti bẹ̀rẹ̀ eré) bóyá ó fẹ́ òun, nítorí running back kẹrin tí kò lè sáré lọ gbé ènìyàn ṣubú nígbà kickoff kò ní àga tó máa jókòó sí.